Ọwọ́ Tó Mú Máíkì ní Òkè-Àgbọn

Orúkọ mọ́kànlá ló wà lára òkúta tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri ilé ìwòsàn kékeré tó wà ní Òkè-Àgbọn, lẹ́yìn Ìbàfò. Mẹ́rin nínú àwọn tó ni orúkọ náà kò dé àdúgbò yẹn rí títí di ọjọ́ tí wọ́n wá gé rìbọ́ọ̀nù. Ọ̀kan nínú wọn sùn nígbà tí wọ́n ń gbàdúrà lọ́wọ́. Orúkọ Mùsáfírù kò sí níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ká ní kò sí Mùsáfírù ni, oko ẹ̀gẹ́ ni ibẹ̀ ì bá wà títí dòní. Ohun tí wọ́n bá gbẹ́ sí òkúta lára nìkan ni òkúta mọ̀. Èyí tí wọn kò gbẹ́ síbẹ̀ nìyí.

Ìfọ̀ ni wọ́n bí Mùsáfírù sí, nítòsí ojú irin. Níbẹ̀ ló ti kọ́ iṣẹ́ àtúnṣe rédíò lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò. Ohun kan ṣoṣo tí ọ̀gá yìí máa ń tẹnu mọ́ ni pé ẹ̀rọ kì í purọ́. "Ohun tó bá gbọ́ ló máa sọ," ni ọ̀gá máa ń wí. "Kò ní yọ níbẹ̀, kò ní bù kún un. Á kàn sọ ọ́ di ńlá ni." Nígbà tí Mùsáfírù ṣe fíríìdọ̀mù tán, iṣẹ́ mọ́sáláṣí ló bá lọ́wọ́. Òun ló ń so họ́ọ̀nù, irin ẹlẹ́nu fífẹ̀ tó ń gbé ìpè àdúrà láti orí òrùlé lọ sí ojúde. Láti Ìfọ̀ dé Ọ̀fàdà, mọ́sáláṣí tí kò gun òrùlé rẹ̀ rí kò pọ̀.

Ní ọdún 1994, ó kó Fàúsátù ìyàwó rẹ̀ wá sí Ìbàfò, ó sì gba ṣọ́ọ̀bù kan tó kọjú sí títì márosẹ̀. Ó ń tún rédíò ṣe, ó sì ń yá àwọn èèyàn ní ẹ̀rọ: họ́ọ̀nù méjì, máíkì kan, bátìrì mọ́tò kan fún ìgbà tí iná kò bá sí. Ìsọmọlórúkọ ń pè é, ìsọjí ìta gbangba ń pè é, ẹgbẹ́ òṣèlú ń pè é. Ó ga, ó tín-ín-rín, kì í sì í yára dáhùn ọ̀rọ̀. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n á rò pé kò gbọ́ ohun tí wọ́n sọ.

Ìlú méjì ló wà nínú Òkè-Àgbọn nígbà náà. Èkíní ni ti ìdílé Ògúnkànmí, àgbẹ̀ tó ni ilẹ̀ láti ìran wọn wá. Èkejì ni ti àwọn tó wá láti Èkó, tí wọ́n ra ilẹ̀, tí wọ́n kọ́lé, tí wọ́n ń jí jáde lọ sí Èkó kí àkùkọ tó kọ, tí wọ́n sì ń sin Ọlọ́run ní gbogbo ọjọ́ Àìkú pẹ̀lú ìlù àti jẹnẹrétọ̀. Àwọn ti àkọ́kọ́ ń pe àwọn ti ẹ̀yìn ní ará Èkó. Àwọn ti ẹ̀yìn ń pe àwọn ti àkọ́kọ́ ní ọmọ onílẹ̀. Kò sí èyí tí wọ́n ń fi ẹnu rere pè nínú méjèèjì.

Kò sí ilé ìwòsàn ní Òkè-Àgbọn. Ní ọdún 2001, ẹgbẹ́ onílé pe ìpàdé sí ọgbà ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ láti bẹ Bàbá Ògúnkànmí, olórí ìdílé náà, fún ilẹ̀ tí wọn yóò kọ́ ọ sí. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mọ̀ ni pé Bàbá ti gbà nínú ara rẹ̀. Èèkàn mẹ́rin tí yóò fi sàmì sí igun ilẹ̀ náà ló gbé lọ́wọ́ wá sí ìpàdé, èyí tó gé ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, tó sì gbẹ́ ẹnu rẹ̀ ṣóńṣó.

Mùsáfírù ni wọ́n pè pẹ̀lú ẹ̀rọ rẹ̀. Ó gun igi máńgòrò tó wà nínú ọgbà, ó so họ́ọ̀nù méjèèjì, ó sì ṣe ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ̀ láti ogún ọdún: ó kọ ẹnu họ́ọ̀nù síta. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń so ó ní mọ́sáláṣí, torí pé ẹni tó wà nínú mọ́sáláṣí ti gbọ́ ìpè, ẹni tó wà níta ni wọ́n ń pè. Àwọn tó wà nínú ìpàdé gbọ́ ọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ọjà tó wà ní òdì-kejì títì gbọ́ ọ yékéyéké.

Akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé nígbà náà ni Ládélé, ọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì ní Èkó, tó máa ń wọ kóòtù wá sí ìpàdé ọjọ́ Sátidé. Àwọn gbájúẹ̀ kan ti ta ilẹ̀ tí kò sí fún un ní Mowé rí. Ìbínú Mowé yẹn ló gbé wá sí Òkè-Àgbọn. Wọ́n fún un ní máíkì pé kó kí Bàbá káàbọ̀. Dípò ìkíni, ohun tó sọ nìyí:

"Ẹ má wulẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Olè ni bàbá arúgbó yìí. Ilẹ̀ kan náà ni wọ́n ń tà fún èèyàn mẹ́ta. Ìran wọn kò mọ̀wé, ìran wọn kò sì ní mọ̀ ọ́n."

Ìyàwó kékeré Bàbá ń ta gààrí lọ́jà ní ọjọ́ náà, Ummulkhair ọmọ-ọmọ rẹ̀ sì jókòó tì í. Ọwọ́ gbogbo ọjà dúró. Lẹ́yìn náà, ẹnì kan rẹ́rìn-ín. Àwọn tó kù sì bá a rẹ́rìn-ín. Ìró ẹ̀rín yẹn ré títì kọjá padà wá sínú ọgbà ilé ẹ̀kọ́, Bàbá Ògúnkànmí sì gbọ́ ọ.

Bàbá mú fìlà rẹ̀ lórí itan, ó dé e. Ó kó èèkàn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó sì lọ sílé. Láti ọjọ́ náà, kò wá sí ìpàdé kankan mọ́. Ẹni tó bá bá ọ̀rọ̀ ilẹ̀ wá, omi tútù ni wọ́n máa ń fún un mu, wọ́n á sì sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn. Ohùn tó bá gba inú họ́ọ̀nù jáde kì í ṣe ẹyin mọ́, òkò ni, kì í sì í fọ́.

Ládélé kò pàdánù oorun kankan. Àwọn èèyàn ní òótọ́ ọ̀rọ̀ ló sọ. Kò sí ẹni tó bi wọ́n pé ilẹ̀ wo, fún ta ni, ní ọjọ́ wo.

Ní oṣù kejì ọdún 2003, oyún kẹta Fàúsátù tó oṣù mẹ́sàn-án. Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì kan tí èrò ń wọ́ lọ sí ìpàgọ́ àdúrà ni ọmọ mú un. Mùsáfírù gbé e sínú ọkọ̀ aládùúgbò, wọ́n kọrí sí ilé ìwòsàn tó wà lọ́nà jíjìn. Wọ́n dé Asese, ọkọ̀ kò lọ síwájú, kò lọ sẹ́yìn. Wákàtí mẹ́rin ni wọ́n lò lójú kan. Ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀ kò lo wákàtí kan.

Kò sí ẹni tó dárúkọ ìpàdé ọdún 2001 fún Mùsáfírù. Òun fúnra rẹ̀ ló ṣe ìṣirò náà. Ká ní ilé ìwòsàn wà ní Òkè-Àgbọn, wọn ì bá fi ẹsẹ̀ rìn dé ibẹ̀. Ilé ìwòsàn kò sí torí pé ilẹ̀ kò sí. Ilẹ̀ kò sí torí pé ọjà rẹ́rìn-ín. Ọjà rẹ́rìn-ín torí pé ẹnì kan gun igi máńgòrò, ó sì kọ ẹnu họ́ọ̀nù síta. Ó sọ ọ́ fún Fàúsátù ní ọjọ́ kan ṣoṣo.

"Bàbá Uthman," ni Fàúsátù wí, "ṣé ẹnu yín ló bú bàbá yẹn ni?"

"Rárá. Ẹ̀rọ mi ni."

Fàúsátù kò sọ pé kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Obìnrin olóòótọ́ ni. Ohun tó sọ ni pé, "Kí lẹ wá fẹ́ ṣe sí ẹ̀rọ yín?"

Láti ìgbà náà ni Mùsáfírù kì í ti í fi máíkì lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ mọ́. Ó yí họ́ọ̀nù sínú, kí ó kọjú sí àwọn tí wọ́n jókòó. Bí ẹnì kan bá fẹ́ sọ̀rọ̀, Mùsáfírù á lọ dúró tì í, á sì gbé máíkì sí i lẹ́nu fúnra rẹ̀. Bí onítọ̀hún bá ń sọ̀rọ̀, ọwọ́ náà kò ní mì, ì báà lo ìdajì wákàtí. Bó bá bú èèyàn, ọwọ́ náà á rọra máa sọ̀kalẹ̀ títí máíkì á fi kan itan Mùsáfírù. Kò ní pa ẹ̀rọ. Kò ní bá a wí. Kò tiẹ̀ ní wò ó lójú. Á kàn dúró bí ẹni tó ń dúró de ọkọ̀. Bí ẹni náà bá ti tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ tò, ọwọ́ á tún gòkè.

Inú kọ́kọ́ bí àwọn èèyàn. "Mùsáfírù, gbé e sókè jọ̀ọ́, n kò tíì bú u tán," ni bàbá kan wí fún un ní ìpàdé kan.

"Ẹ bú u tán, sà," ni Mùsáfírù dáhùn. "Mò ń dúró dè yín."

Gbogbo ìpàdé rẹ́rìn-ín, èébú náà sì kú sí bàbá lẹ́nu. Àwọn mìíràn bi í pé ta ló fi í ṣe adájọ́, kí ló mọ̀ sí èébú. Ó rò ó fún ìgbà díẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. "Èébú ni ọ̀rọ̀ tí ẹni tí ẹ sọ ọ́ sí kò lè fèsì sí, àfi kó bá yín jà. Bí ẹ bá pè mí lólè, kí ni mo fẹ́ sọ? Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní, 'Mùsáfírù, bátìrì méjì lo gbé wá, kí ló dé tó jẹ́ ọ̀kan lo gbé lọ,' mo ní láti dá yín lóhùn."

Ìyẹn ni kókó tí àwọn tó ń pariwo ìwà ọmọlúàbí kì í fẹ́ gbọ́. Ẹni tó bá bú olè ti tú olè sílẹ̀, torí pé olè náà á máa fi ìbínú bojú, kò sì ní dáhùn ìbéèrè. Ọ̀lẹ ló ń bú èèyàn. Ẹni tó mọ ohun tó ń sọ á bèèrè ọjọ́, á bèèrè iye, á sì dúró gba èsì.

Káńsílọ̀ wọ́ọ̀dù náà, Ọláwuyì, tí wọ́n dìbò yàn ní ọdún 2004, fẹ́ràn òfin Mùsáfírù púpọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Ó rò pé wọ́n fi ṣe ààbò fún òun ni. Ní ọdún 2005, Ọmọlabí tó ń ta ìrẹsì Ọ̀fàdà dìde nínú ìpàdé wọ́ọ̀dù. Obìnrin kúkúrú ni, ọmọ àbúrò Bàbá Ògúnkànmí sì ni.

"Ọnọrébù," ni Ọmọlabí wí, "kànga ẹ̀rọ tí ẹ wá ṣí fún wa, tí ẹ ya fọ́tò níwájú rẹ̀, ọjọ́ mélòó ló fi yọ omi?"

Ọláwuyì nàgà lórí àga. "Mùsáfírù, ṣé o kò gbọ́ ni? Obìnrin yìí ń bú mi. Gbé máíkì sílẹ̀."

"Ìbéèrè ni, Ọnọrébù."

"Èmi tí wọ́n sọ ọ́ sí ni mo ní èébú ni."

Mùsáfírù tún gbé máíkì sún mọ́ ẹnu Ọmọlabí dáadáa. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un bi wọ́n. Bóyá wọn kò gbọ́."

Ọmọlabí tún un bi í. Ọláwuyì ní ọjọ́ mọ́kànlá ni. Wọ́n tún kànga náà ṣe ní oṣù kan lẹ́yìn náà. Ṣùgbọ́n wọn kò pe Mùsáfírù sí ìpàdé wọ́ọ̀dù fún oṣù méje. Ẹlòmíràn tí ẹ̀rọ rẹ̀ tuntun ni wọ́n ń pè láti Mowé. Ẹni yẹn máa ń fi máíkì lé ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá gùn jù lọ́wọ́. Ní ìpàdé kẹta, wọ́n ju àga lu ara wọn, wọ́n sì fọ́ họ́ọ̀nù kan. Wọ́n padà wá bá Mùsáfírù. Kò bèèrè ohun tó fà á. Ó gbé ẹ̀rọ rẹ̀, ó tẹ̀ lé wọn.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2006, Ọláwuyì mú ìròyìn wá pé ilé ìwòsàn kan wà nínú ètò káńsù fún ọdún náà. Àwọn aráàlú ló máa fi ilẹ̀ sílẹ̀. Bí ìwé ilẹ̀ kò bá dé káńsù kí ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ tó pé, wọ́ọ̀dù mìíràn ni wọn yóò gbé e lọ. Kò sí ilẹ̀ tó ṣẹ́kù ní Òkè-Àgbọn tó tóbi tó bẹ́ẹ̀, àfi oko ẹ̀gẹ́ Bàbá Ògúnkànmí.

Wọ́n pe ìpàdé sí ọjọ́ Sátidé. Ọmọlabí lọ bá ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ nílé. "Bàbá, ẹ wá. Wọn kì í bú èèyàn níbẹ̀ mọ́. Ọkùnrin kan wà tó jẹ́ pé bí èèyàn bá bú ẹlòmíràn, ohùn rẹ̀ á dákẹ́."

"Ta ni?"

"Onímáíkì ọjọ́sí ni."

Bàbá fi ìka gbá eyín rẹ̀. "Màá wá," ló wí. Ohun tí kò sọ fún Ọmọlabí ni pé òun náà ní ọ̀rọ̀ tó ti wà nínú òun láti ọdún márùn-ún, pé òun fẹ́ sọ ọ́ níwájú gbogbo ayé.

Ọgbà ilé ẹ̀kọ́ kún ní ọjọ́ náà. Ládélé wà níbẹ̀, ó ti di alága ẹgbẹ́ onílé, kóòtù rẹ̀ sì ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Fàúsátù jókòó láàárín àwọn obìnrin. Nígbà tí Bàbá Ògúnkànmí wọlé, gbogbo èèyàn dìde, àwọn ọkùnrin dọ̀bálẹ̀, àwọn obìnrin kúnlẹ̀. Ládélé tẹrí ba díẹ̀. Ó ti sọ fún gbogbo àdúgbò pé ìjọ òun kọ́ òun pé ẹni tí obìnrin bí kò yẹ ní dídọ̀bálẹ̀ fún.

Ọláwuyì sọ ti ọjọ́ Ẹtì. Lẹ́yìn náà, wọ́n ní kí Bàbá sọ̀rọ̀. Mùsáfírù gbé máíkì sí i lẹ́nu.

"Ẹ kú ìjókòó," ni Bàbá wí. Ohùn rẹ̀ ṣì nípọn. "Mo rí Ládélé níbẹ̀ yẹn. Ládélé, ọmọ tí ìyá rẹ̀ kò mọ ẹni tó fún un lóyún..."

Gbogbo ojú kúrò lára Bàbá, ó bọ́ sára ọwọ́ Mùsáfírù.

Ọwọ́ náà kò tíì mì. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó wúwo. Bó bá rẹ máíkì sílẹ̀ níwájú àgbà yìí, ẹlẹ́ẹ̀kejì tí wọ́n á dójú tì í nínú ọgbà kan náà nìyẹn. Á dé fìlà rẹ̀, á lọ. Ọjọ́ Ẹtì á sì kọjá. Bí kò bá rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, a jẹ́ pé àwọn tí kò ní ilẹ̀ nìkan ni òfin rẹ̀ wà fún, ọ̀gá àgbà káńsù á sì lo àyè yẹn láti búni lọ́la, ẹni tó bá ju ọ̀gá àgbà lọ á lò ó lọ́túnla. Ó rí orí Fàúsátù láàárín àwọn obìnrin. Fàúsátù kò wo Bàbá. Ọkọ rẹ̀ ló ń wò.

Mùsáfírù dọ̀bálẹ̀.

Kì í ṣe ìdọ̀bálẹ̀ orúnkún kan. Ó na gbogbo ara rẹ̀ sílẹ̀ gbọọrọ nínú eruku níwájú ẹsẹ̀ Bàbá, pẹ̀lú máíkì lọ́wọ́, máíkì náà sì wà lábẹ́ àyà rẹ̀. Kò sí ẹni tó lè sọ pé ó fi ojú àgbà gbolẹ̀. Kò sì sí ẹni tó lè gbọ́ ọ̀rọ̀ àgbà mọ́.

Bàbá ṣì ń sọ̀rọ̀. Ó sọ gbólóhùn méjì sí i kó tó mọ̀ pé ohùn òun kò kọjá ìlà àga àkọ́kọ́. Ó dákẹ́. Ìgbà yẹn ni gbogbo ọgbà wá gbọ́ nǹkan mìíràn láti ẹnu họ́ọ̀nù méjèèjì lórí igi máńgòrò. Gbì. Gbì. Gbì.

"Kí ló ń dún yẹn?" ni Bàbá béèrè.

"Àyà mi ni, Bàbá," ni Mùsáfírù wí láti ilẹ̀. Ohùn rẹ̀ náà gba abẹ́ àyà bọ́ sínú họ́ọ̀nù.

Ẹnì kan fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó gbé e mì. Gbì, gbì, ni họ́ọ̀nù ń wí. Ẹ̀rọ kì í purọ́.

"Kí lò ń ṣe nílẹ̀?"

"Mò ń kí yín ni, Bàbá."

"O ti kí mi nígbà tí mo wọlé."

"Ìkíni kì í pọ̀ jù fún àgbà."

Àwọn obìnrin ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Bàbá fẹ́ bínú, ṣùgbọ́n ó ṣòro láti bínú sí ẹni tó wà ní gbalaja lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹni. Àgbà kì í sì í fi ẹni tó dọ̀bálẹ̀ sílẹ̀ nílẹ̀ kó máa bá ọ̀rọ̀ lọ. Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ní kó dìde. Òfin yẹn ti wà kí káńsù tó wà.

"Dìde, kí o sì gbé nǹkan yẹn wá."

"Bàbá, bí mo bá dìde, ó máa bá mi dìde. Ní ọjọ́sí, ẹnu ẹlòmíràn ni ọ̀rọ̀ náà ti jáde, ṣùgbọ́n èmi ni mo gbé e dé ọjà fún yín. Èmi ni mo kọ ẹnu họ́ọ̀nù síta. N kò tíì sọ ọ́ fún yín rí. Ẹ forí jì mí. N kò lè gbé irú rẹ̀ mọ́, ì báà ṣe ẹ̀yin lẹ sọ ọ́."

Bàbá Ògúnkànmí wo ẹ̀yìn ọkùnrin náà. Kò sí ẹni tó ti wá sọ fún un láti ọdún márùn-ún pé apá tèmi nínú ohun tí wọ́n ṣe fún yín nìyí. Àwọn tó wá, ilẹ̀ ni wọ́n wá bèèrè.

"Dìde," ló wí. "N kò ní bú u mọ́. Màá bi í léèrè."

Mùsáfírù dìde pẹ̀lú eruku láti àgbọ̀n dé orúnkún. Kò gbọn ọ́n nù. Ó gbé máíkì sókè.

"Ládélé," ni Bàbá wí, "o pè mí lólè níbí. Ìyàwó mi gbọ́ lọ́jà, ọmọ-ọmọ mi gbọ́. Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì kí ọmọ náà tó padà sí ọjà. Sọ fún mi. Ilẹ̀ wo ni mo tà lẹ́ẹ̀mejì? Ta ni mo tà á fún?"

Mùsáfírù rìn lọ sọ́dọ̀ Ládélé, ó ń fa wáyà lẹ́yìn. Ọwọ́ rẹ̀ gòkè, ó dúró. Ládélé wo máíkì náà bí ẹni tó ń wo ìbọn. Kò sí èébú tó lè fara pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀.

"Kò sí," ló wí nígbẹ̀yìn. "Mowé ni wọ́n ti ṣe é fún mi. Kì í ṣe ẹ̀yin. N kò mọ ilẹ̀ kankan tí ẹ tà lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ má bínú, sà."

"Àwọn tó wà níhìn-ín ti gbọ́," ni Bàbá wí. "Àwọn tó gbọ́ ti ọjọ́sí kò sí níhìn-ín. Mùsáfírù, yí nǹkan yẹn síta."

Mùsáfírù gun igi máńgòrò. Láti ọdún mẹ́ta ló ti ń kọ ẹnu họ́ọ̀nù sínú. Ó yí méjèèjì padà sí ọjà, ó sọ̀kalẹ̀, ó sì gbé máíkì fún Ládélé lẹ́ẹ̀kejì. Ládélé tún un sọ, orúkọ rẹ̀ àti orúkọ Bàbá, gbólóhùn kan tẹ̀ lé èkejì. Ọwọ́ gbogbo ọjà tún dúró. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn èyí, Ládélé tẹ̀ síwájú, ó bẹ̀rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ ọ̀tún kan ilẹ̀. Ọwọ́ òsì di kóòtù mú kó má bàa kan eruku.

Bàbá wò ó. "Ọwọ́ kan kì í gbẹ́rù dórí, ọmọ mi."

Ládélé gbé ọwọ́ kejì sílẹ̀.

Ẹ má jẹ́ ká fi ìyẹn pe Ládélé ní ẹni rere. Ọdún márùn-ún ló fi mọ̀ pé irọ́ ni òun pa, tí kò sì sọ nǹkan kan títí wọ́n fi gbé máíkì sí i lẹ́nu. Orúkọ rẹ̀ wà lára òkúta, òun ni ẹnì kẹfà.

Bàbá ní kí Ummulkhair lọ sílé. Ọmọ náà ti dàgbà, ó ti lọ́kọ. Èèkàn mẹ́rin ló gbé padà wá, tó ti gbẹ, tí ikán ti jẹ ìdí ọ̀kan. Bàbá ti tọ́jú wọn láti ọjọ́ yẹn sí àjà. Ọláwuyì dìde kíá, ó ní òun fẹ́ sọ bí òun ṣe sapá tó. Mùsáfírù wo Bàbá.

"Gbé e fún un," ni Bàbá wí. "Kò tíì bú èèyàn."

Ìwé ilẹ̀ dé káńsù ní ọjọ́ Wẹ́sidé. Wọ́n ṣí ilé ìwòsàn náà ní oṣù kẹta ọdún 2007, Mùsáfírù ni wọ́n sì pè pẹ̀lú ẹ̀rọ rẹ̀. Ummulkhair jókòó ní ẹ̀yìn pátápátá pẹ̀lú oyún oṣù méje. Àwọn mọ́kànlá tó lórúkọ lára òkúta jókòó síwájú lórí àga tìmùtìmù.

Ọ̀kan nínú wọn, àlejò pàtàkì kan tó wá láti ibòmíràn, dìde láti sọ̀rọ̀. Ó na ọwọ́ sí máíkì, Mùsáfírù kò fún un. Ó yà á lẹ́nu díẹ̀, ṣùgbọ́n ó bẹ̀rẹ̀. Kò pẹ́ tó fi kan àwọn tó ṣèjọba ṣáájú ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀. Ó ní ẹran ni wọ́n, pé ọ̀bọ tí wọ́n wọ agbádá fún sàn jù wọ́n lọ.

Ọwọ́ Mùsáfírù sọ̀kalẹ̀.

Ọkùnrin náà sọ̀rọ̀ síwájú díẹ̀, ó dákẹ́, ó fi ìka kan máíkì tó wà ní itan Mùsáfírù. Ó wo àwọn èèyàn. Kò sí ẹni tó pariwo, kò sí ẹni tó bẹ̀ ẹ́. Gbogbo Òkè-Àgbọn, onílẹ̀ àti ará Èkó, kàn ká ọwọ́ wọn gbera, wọ́n ń dúró dè é, bí ìgbà tí èèyàn ń dúró de ọmọdé kó rántí ìkíni.

"Ṣé iná lọ ni?" ni àlejò pàtàkì béèrè.

Ọmọlabí ló dá a lóhùn láti ẹ̀yìn.

"Iná kò lọ, sà. Ẹ tún ọ̀rọ̀ yín tò ni."

Ó tún un tò.